Willy Stöwer: Ọwọ́ Tó Mọ Ìwúwo Ọkọ̀

Àwòrán kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rí láìmọ orúkọ ẹni tó yà á. Ọkọ̀ òkun ńlá kan ti fi orí sọ omi, ìdí rẹ̀ sì ń gbéra kúrò lójú òkun. Ọ̀pá èéfín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lórí rẹ̀ ti tẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì ń tú èéfín dúdú sójú ọ̀run. Àwọn ọkọ̀ ìgbàlà kéékèèké tó kún fún ènìyàn ló wà ní iwájú àwòrán náà, àwọn tó wà nínú wọn sì ń fi àjẹ̀ fa omi kíkankíkan kí wọ́n lè jìnnà sí ọkọ̀ tó ń kú lọ. Titanic ni ọkọ̀ náà. Willy Stöwer, ọmọ Jámánì, ló ya àwòrán náà fún ìwé ìròyìn Die Gartenlaube lọ́dún 1912, ọdún náà gan-an tí ọkọ̀ ọ̀hún rì.

Kò sí fọ́tò kankan tí a yà nígbà tí Titanic ń rì. Òru ni, òṣùpá kò sí, ibẹ̀ sì jìnnà réré sí ilẹ̀. Nítorí náà, bí ìwé kan bá fẹ́ kí òǹkàwé fojú rí bó ṣe ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ Stöwer ni wọ́n sábà máa ń mú. Bẹ́ẹ̀ Stöwer kò sí níbẹ̀. Kò sì sí ilé-ẹ̀kọ́ àwòrán kan tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ló kọ́ ọ níṣẹ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá tẹjú mọ́ àwọn àwòrán rẹ̀ yóò rí i pé ọkùnrin yìí kọ́ṣẹ́, ó sì kọ́ ọ dójú àmì. Ibi tó ti kọ́ ọ ló yàtọ̀. Àárín irin àti ariwo òòlù ló ti kọ́ ọ, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀.

Ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 1864 ni wọ́n bí i ní Wolgast, ìlú kékeré kan létí odò Peene ní ilẹ̀ Pomerania, níbi tí odò náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Òkun Baltic. Bí ènìyàn bá dúró létí omi ní Wolgast, erékùṣù Usedom ni yóò máa wò ní òdìkejì. Ìlú yìí náà ni wọ́n ti bí Philipp Otto Runge lọ́dún 1777, ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán tí Jámánì fi ń yangàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ Runge ló fa Stöwer sídìí àwòrán. Ọ̀gá ọkọ̀ òkun ni bàbá rẹ̀. Ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ọmọ tí wọ́n bí sílé ọ̀gá ọkọ̀ kì í wo ọkọ̀ bí àlejò ṣe ń wò ó. Àlejò á ní ọkọ̀ yìí mà tóbi o. Ọmọ ọ̀gá ọkọ̀ á béèrè ẹrù tó kó, ibi tó ń lọ, àti ìdí tó fi jókòó kọjá bó ṣe yẹ nínú omi lẹ́yìn.

Nígbà tó tó iṣẹ́ í ṣe, iṣẹ́ irin ni Stöwer kọ́kọ́ kọ́. Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sí ilé iṣẹ́ àwọn tó ń kan ọkọ̀, ó sì di ẹni tó ń fi rúlà àti pẹ́ńsù ya ọkọ̀ sórí ìwé kí àwọn oníṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án. Kì í ṣe ọ̀gbà kan ṣoṣo ló ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ṣe é káàkiri, ó sì dájú pé ohun tó rí níbẹ̀ ló sọ ọ́ di ẹni tó dà.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ náà dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Kí wọ́n tó kan ọkọ̀ irin láyé ìgbà náà, wọn a kọ́kọ́ yà á sórí ìwé lọ́nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni bó ṣe rí lójú ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìkejì ni bó ṣe rí lójú ẹni tó ń wò ó láti òkè. Ìkẹta ni bí yóò ṣe rí bí a bá gé e níbùú ní ẹlẹ́lẹ́, láti iwájú títí dé ìdí. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ìlà kan bá wú díẹ̀ níbì kan nínú àwòrán kejì, ó ní láti wú bákan náà nínú àwòrán kẹta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, irin tí wọ́n bá gé kò ní pàdé ara wọn. Lẹ́yìn èyí, wọn a gbé gbogbo ìlà náà lọ sórí ilẹ̀ pákó nínú gbọ̀ngàn gbalasa kan, wọn a tún un yà ní ìwọ̀n ọkọ̀ gan-an, kí àwọn alágbẹ̀dẹ lè rí ohun tí wọn yóò tẹ irin bá mu.

Lára àwọn ìlà tí irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fà lójoojúmọ́, èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ìlà omi, ìyẹn ibi tí omi yóò fẹnu kàn lára ọkọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá ṣófo, ibì kan ni. Nígbà tó bá ru ẹrù, omi yóò gòkè. Bí ẹrù bá pọ̀ lápá kan, ìlà náà yóò dà. Ẹni tó ti fa ìlà yìí títí tó fi di bárakú fún un ti mọ ohun tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán kò fi gbogbo ayé mọ̀: pé ìdajì ọkọ̀ ni a ń rí, ìdajì yòókù wà lábẹ́ omi, ìdajì tí a kò rí yìí ló sì ń pinnu bí èyí tí a ń rí yóò ṣe jókòó. Bí alápatà ṣe mọ oríkèé ẹran kó tó fi ọ̀bẹ kàn án ni Stöwer ṣe mọ ọkọ̀ kó tó fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án.

Ibi tí mo fi ń dá iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ nìyí. Nínú àwòrán òkun tí ẹni tí kò mọ ọkọ̀ yà, ọkọ̀ máa ń wà lórí omi bí ìgbà tí wọ́n gé e láti inú ìwé míì lẹ̀ mọ́ ọn. Omi ń ṣe tirẹ̀, ọkọ̀ ń ṣe tirẹ̀. Nínú iṣẹ́ Stöwer, àwọn méjèèjì jọ wà nínú ìjà kan náà ni. Omi ń gbé ọkọ̀, ọkọ̀ ń tẹ omi mọ́lẹ̀. Ẹ wo iwájú ọkọ̀ ogun kan tó ń sáré nínú àwòrán rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ń sáré máa ń ti omi síwájú, omi náà á wá rú sókè lẹ́nu rẹ̀, á ṣẹ́ funfun, á sì yà sọ́tùn-ún sósì. Lẹ́yìn ìgbì àkọ́kọ́ yìí, omi á lọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, á tún wá gòkè nígbà tó bá yá. Bí eré ọkọ̀ náà bá ṣe pọ̀ tó ni àyè tó wà láàárín ìgbì àkọ́kọ́ àti ìkejì yóò ṣe gùn tó. Ọkọ̀ kékeré tó yá nílẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ju tọ́pídò, á gbé iwájú sókè, á fi ìdí jókòó sínú omi. Ẹni tó mọ̀ yóò wo àwòrán irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, yóò sì mọ̀ bóyá ó ń rìn pẹ̀lẹ́ ni tàbí ó ń sáré àsápajúdé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Stöwer mọ̀ ọ́n, ó sì ń sọ ọ́ nínú àwòrán láìfi ẹnu sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ èéfín tún wà níbẹ̀. Èédú ni àwọn ọkọ̀ ayé ìgbà náà ń jó. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ da èédú síná, èéfín á dúdú kirikiri. Bí iná bá ti mú un tán, á fúyẹ́, á di àwọ̀ eérú. Èéfín kì í sì fẹ́ síbi tó wù ú. Bí ọkọ̀ bá ń lọ kọ ẹ̀fúùfù, èéfín á tẹ́ pẹrẹsẹ lọ sẹ́yìn. Bí ẹ̀fúùfù bá ń ti ẹ̀yìn bọ̀, tí eré rẹ̀ sì dọ́gba pẹ̀lú eré ọkọ̀, èéfín á gòkè tààrà bí ẹni pé atẹ́gùn kò sí rárá. Àsíá tó wà lórí òpó gbọ́dọ̀ fẹ́ síbi tí èéfín fẹ́ sí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ onígbòkun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán nínú àwòrán kan náà ní eré tirẹ̀ àti ọ̀nà tirẹ̀, nítorí náà ìgbòkun rẹ̀ lè kọjú síbi tó yàtọ̀. Ayàwòrán tó bá fẹ́ kí atukọ̀ gba òun gbọ́ gbọ́dọ̀ ro gbogbo èyí pa pọ̀ kó tó fi ọ̀dà kan ìwé. Ojú atukọ̀ mú. Ó lè máa bá èèyàn rẹ́rìn-ín nípa oòrùn tó ń wọ̀ nínú àwòrán, ṣùgbọ́n bí àsíá bá lọ sí òsì tí èéfín lọ sí ọ̀tún, kò tún wo àwòrán náà mọ́.

Stöwer kò lè fi gbogbo ara ṣe iṣẹ́ àwòrán títí tó fi gbéyàwó. Ìdílé ọlọ́rọ̀ ni ìyàwó rẹ̀, Henriette Dettmann, ti wá, ìgbéyàwó náà sì fún un láàyè láti fi rúlà ilé iṣẹ́ sílẹ̀ kó sì kọjú sí búrọ́ọ̀ṣì nìkan. Mo mọ ọ̀pọ̀ tí yóò gbójú fo èyí bí wọ́n bá ń sọ ìtàn ẹni tó kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́, torí a máa ń fẹ́ kó jẹ́ pé òógùn ojú nìkan ló gbé ènìyàn débi tó dé. Ṣùgbọ́n kíkọ́ ara ẹni níṣẹ́ ń gba àkókò, owó ló sì ń ra àkókò. Ẹni tó gbé oúnjẹ kalẹ̀ nígbà tí àwòrán kò tíì lè gbé e kalẹ̀ ní ìpín tirẹ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Ìgbà tó bọ́ sí i náà bá a lára mu. Jámánì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ di alágbára lójú òkun. Kaiser Wilhelm Kejì, ọba wọn, fẹ́ràn ọkọ̀ ogun débi pé òun fúnra rẹ̀ máa ń yà wọ́n. Lọ́dún 1898, ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn fọwọ́ sí òfin láti kan ọkọ̀ ogun púpọ̀ sí i, wọ́n sì tún fọwọ́ sí òmíràn tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ lọ́dún 1900. Admiral Alfred von Tirpitz ló wà nídìí ètò náà. Ọdún 1898 yìí náà ni wọ́n dá Deutscher Flottenverein sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń polongo ọkọ̀ ogun fún aráàlú, tó sì wá ní ọmọ ẹgbẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù kan. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe é láìsí àwòrán. Ọ̀pọ̀ ọmọ Jámánì ló ń gbé láàárín gbùngbùn ilẹ̀ tí wọn kò rí òkun rí. Ayàwòrán ni yóò gbé òkun lọ bá wọn.

Stöwer di ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó gbé e lọ. Kí òfin 1898 tó dé ló ti ya àwòrán sínú ìwé tí Georg Wislicenus kọ nípa agbára Jámánì lójú òkun, tó jáde lọ́dún 1896. Ó ṣiṣẹ́ fún Flottenverein. Láti 1905 títí di 1912, ó máa ń bá Kaiser rin ìrìn-àjò lórí omi. Kó tó di pé Titanic rì ni wọ́n ti ń fi Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣáájú orúkọ rẹ̀, ọkùnrin tó jẹ́ pé iṣẹ́ irin ló fi bẹ̀rẹ̀ ayé. Kì í ṣe òun nìkan ló gba ọ̀nà yìí dé ààfin. Hans Bohrdt, tí wọ́n bí ní Berlin lọ́dún 1857, kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́ àwòrán òkun bákan náà, òun náà sì rí ojú rere Kaiser. Ọ̀nà kan ò wọjà.

Ó yẹ kí àwa náà rántí ohun tí ọkọ̀ ogun wọ̀nyí ń ṣe nígbà tí wọn kò sí nínú àwòrán. Lọ́dún 1884, nígbà tí Stöwer jẹ́ ọmọ ogún ọdún, ọkọ̀ ogun Jámánì kan tó ń jẹ́ Möwe ló gbé Gustav Nachtigal dé etíkun Togo. Ó ní kí àwọn ará ibẹ̀ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, ilẹ̀ náà sì bọ́ sábẹ́ Jámánì fún ọgbọ̀n ọdún, títí kan Atakpamé tó bọ́ sábẹ́ wọn nígbà tó yá, níbi tí àwọn ará Ifẹ̀ tí èdè wọn bá tiwa tan ń gbé. Ọkọ̀ tó dán lójú ìwé, tí ìgbì funfun yọ lẹ́nu rẹ̀, lè jẹ́ ọkọ̀ tó gba ilẹ̀ onílẹ̀. Mo ń yin ọwọ́ Stöwer, n kò sì fẹ́ kí ìyìn náà bo èyí mọ́lẹ̀.

Ohun kan tún wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ àwòrán kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí, èyí ni pé ó mọ bí àwòrán ṣe ń gba inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọjá. Die Gartenlaube ti wà láti ọdún 1853, Leipzig ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, ó sì jẹ́ ìwé ìròyìn ìdílé tí bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ jọ ń kà. Nígbà tó fi máa di 1875, nǹkan bí 382,000 ẹ̀dà ni wọ́n ń tẹ̀. Láyé àtijọ́, bí ayàwòrán bá yàwòrán fún irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ sórí igi kí wọ́n tó lè tẹ̀ ẹ́, ohun tó bá sì jáde, ọwọ́ agbẹ́gi wà níbẹ̀ bí ọwọ́ ayàwòrán ṣe wà níbẹ̀. Lọ́dún 1882, Georg Meisenbach ní Munich gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tuntun kan: wọn a ya fọ́tò àwòrán náà gba inú gíláàsì tí wọ́n fa ìlà sí lára, gbogbo rẹ̀ á sì di tótó kéékèèké. Ibi tó dúdú, tótó rẹ̀ á tóbi. Ibi tó mọ́lẹ̀, tótó rẹ̀ á kéré. Agbẹ́gi kúrò láàárín.

Ọ̀nà tuntun yìí ní ìfẹ́ inú tirẹ̀. Kò mọ àwọ̀ búlúù yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Ohun tó mọ̀ ni dúdú, funfun, àti gbogbo ohun tó wà láàárín wọn. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ àwòrán tí wọ́n ń yà fún ìwé ìròyìn kò ní àwọ̀ rárá: ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi omi lú, ọ̀dà funfun fún ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà, ó parí. Ẹni tó bá gbára lé àwọ̀ láti fa ojú mọ́ra yóò ṣòfò níbẹ̀. Ẹni tó mọ bí nǹkan ṣe dúró, bó ṣe wúwo, àti ibi tí òjìji rẹ̀ wà, ilé rẹ̀ ló dé yẹn. Stöwer ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ya ọkọ̀ lórí ìwé láìfi àwọ̀ kankan kùn ún. Ohun tó fi sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ló tún wá bá a níbí tó ń gbé e ga. Iṣẹ́ rẹ̀ dé inú ìwé àtàwọn káàdì, ó dé orí àwòrán kéékèèké tí ilé iṣẹ́ ṣokoléètì Stollwerck ní Cologne ń fi sínú ọjà wọn káwọn ọmọdé lè máa kó wọn jọ. Ọmọ tí kò ní dé ibi àfihàn àwòrán láéláé di ẹni tó ní iṣẹ́ Stöwer nínú àpò.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí Titanic. Òru mọ́jú ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1912 ni ọkọ̀ náà rì, ní nǹkan bí wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn tó kọlu òkìtì yìnyín. Nǹkan bí 2,200 ènìyàn ló wà nínú rẹ̀, ogún ọkọ̀ ìgbàlà tó wà lórí rẹ̀ kò sì lè gbà ju 1,178 lọ. Nǹkan bí 1,500 ló bá a lọ. Ìròyìn wọ̀nyí ń dé Jámánì díẹ̀díẹ̀, òmíràn ta ko òmíràn. Stöwer ní láti fi wọ́n kan ọkọ̀ kan tí kò rí nígbà tó ń rì.

Ohun tó fi ṣe é ni ìmọ̀ ìlà omi. Ó mọ̀ pé ọkọ̀ tí omi wọ̀ láti iwájú kì í lọ sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Bí iwájú ṣe ń wúwo, ìdí á máa gòkè, ọkọ̀ á wá di igi gbọọrọ kan tó ń yí lórí ara rẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé ìlà àwọn àjà ọkọ̀ náà pẹ̀lú ojú yín. Gbogbo wọn ló jọ dà lọ sínú omi, kò sí èyí tó dá tirẹ̀ ṣe. Àwọn òpó àti ọ̀pá èéfín, tó yẹ kí wọ́n nàró, tẹ̀ síwájú ní ìwọ̀n tó bá ìlà àjà mu, nítorí ara ọkọ̀ kan náà ni wọ́n. Èyí rọrùn láti sọ. Láti yà á ṣòro, nítorí ọwọ́ ènìyàn ti mọ́ ọn lára láti ya òpó kó nàró tààrà, kó sì ya ilẹ̀ kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tí ìlà ọkọ̀ bá wà lọ́kàn rẹ̀ pátápátá nìkan ló lè dà á síbi tó bá wù ú kí gbogbo rẹ̀ sì ṣì dúró bí ohun kan ṣoṣo. Ìyẹn ló mú kí ìbẹ̀rù wọ inú àwòrán náà. Kì í ṣe ìgbì ńlá ló ń dẹ́rù bani, nítorí òkun dákẹ́ rọ́rọ́ lóru ọjọ́ náà. Ohun tó ń bani lẹ́rù ni kí a rí ohun tó wúwo tó báyẹn tó ń ṣe ohun tí kò yẹ kó ṣe.

Ó ṣì í níbì kan, ibẹ̀ sì kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ bí ibi tó ti ṣe é re. Nínú àwòrán rẹ̀, ọ̀pá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń tú èéfín. Lára ọkọ̀ Titanic gan-an, mẹ́ta péré ló ń gbé èéfín bọ́ílà. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń fi ìkẹrin tú jáde, wọ́n sì fi kún un kí ọkọ̀ náà lè bojú mu. Bí ẹ bá bi mí, n óò ní ọkọ̀ tó mọ̀ ló tàn án. Ọdún 1897 ni wọ́n parí Kaiser Wilhelm der Grosse ní Stettin, tí kò jìnnà sí Wolgast, òun sì ni ọkọ̀ akérò òkun àkọ́kọ́ tó ní ọ̀pá èéfín mẹ́rin. Lára ọkọ̀ àwọn ará Jámánì, ọ̀pá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣiṣẹ́. Ọmọ Pomerania tó bá rí ọ̀pá mẹ́rin á retí èéfín mẹ́rin. Ìmọ̀ rẹ̀ gan-an ló kó o ṣìnà.

Ohun kejì wà tí ènìyàn kò lè bá a wí lé lórí. Ó ya ọkọ̀ náà ní odidi, bẹ́ẹ̀ ó ti kán sí méjì kó tó lọ sísàlẹ̀. Àwọn kan tó yè é sọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà wọ́n gbọ́. Ìgbà tí wọ́n rí i nísàlẹ̀ òkun lọ́dún 1985, apá méjì tó jìnnà sí ara wọn, ni ọ̀rọ̀ wọn tó di òótọ́ lójú gbogbo ayé. Síbẹ̀ wọn kò pa àwòrán Stöwer tì. Ohun tó sọ nípa ìwúwo ṣì jẹ́ òótọ́.

Nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó ń ya ọkọ̀ abẹ́ omi. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ sọ bí ọkọ̀ U 21 ṣe rán ọkọ̀ ẹrù Linda Blanche lọ sísàlẹ̀ òkun nítòsí Liverpool, ní oṣù Kìíní ọdún 1915. Wọ́n jẹ́ kí àwọn atukọ̀ ọkọ̀ ẹrù náà bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré kí wọ́n tó pa á run. Ogun ṣì ní ojú àánú díẹ̀ nígbà yẹn, kò sì pẹ́ tí ojú àánú náà fi fọ́. Àwòrán bẹ́ẹ̀ mú kí iṣẹ́ ọkọ̀ abẹ́ omi dà bí iṣẹ́ tó mọ́ tónítóní lójú ẹni tó wà nílé. Níbi tí mo ti ń rí àléébù rẹ̀ nìyí: ó mọ ọkọ̀ ju ènìyàn lọ. Ènìyàn inú àwòrán rẹ̀ sábà máa ń kéré, ojú wọn kì í hàn, ohun tí wọ́n fi ń sọ bó ṣe ń dùn wọ́n tó ni bí wọ́n ṣe tẹ̀ lórí àjẹ̀. Nínú àwòrán Titanic, kékeré yẹn ṣiṣẹ́, nítorí ó jẹ́ ká rí bí ọkọ̀ ṣe tóbi ju àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé e lọ. Nínú àwòrán ogun, kò jẹ́ ká rí ẹni tó kú.

Ogun parí, Kaiser sá lọ sí Netherlands ní oṣù Kọkànlá ọdún 1918. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1919, àwọn atukọ̀ Jámánì fúnra wọn ṣí ihò omi sára ọkọ̀ ogun wọn ní Scapa Flow ní Scotland, 52 nínú 74 sì rì lọ́jọ́ kan. Ọ̀wọ́ ọkọ̀ tí Stöwer fi ìdajì ayé rẹ̀ yà wà nísàlẹ̀ omi. Ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú ìwé lọ́dún 1929, ó sì kú ní Tegel, ní Berlin, lọ́jọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 1931, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án tó pé ọdún 67.

Bí mo bá wo gbogbo rẹ̀, ohun tí mo mú nínú iṣẹ́ ọkùnrin yìí kò ju ọ̀kan lọ. A máa ń rò pé ẹni tó kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò sí nǹkan kan. Stöwer kò bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ó ti ní irin lọ́wọ́, ó ti ní ìlà omi lójú, ó sì ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ìlà kan bá fi díẹ̀ ṣì. Ohun tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àwòrán ìgbà náà ń fi ọdún púpọ̀ kọ́ni, bí wọ́n ṣe ń ya ara ènìyàn àti ojú rẹ̀, ló ṣòro fún un títí, ó sì hàn. Ohun tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kọ́ ọ, kò sí ilé-ẹ̀kọ́ àwòrán tó lè kọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń jó irin tàbí tó ń fi rúlà ya ilé lónìí, tó sì ń ya àwòrán nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kò gbọ́dọ̀ ka iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ sí ohun tó ń dí i lọ́wọ́. Kó ṣe é dáadáa, kó mọ̀ ọ́n dé egungun. Ohun tí yóò yà tí ẹlòmíràn kò ní lè yà wà nínú rẹ̀.